Orí Kẹfà: Ẹ̀rọ Tí Ó Jí Dé Ìdajì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nínú oṣù Keje tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fẹ́ gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kan ní ìlú Ìbàdàn ránṣẹ́ sí mi pé bí mo bá ń jẹun lọ́wọ́, kí n fọwọ́, kí n sáré wá wo kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ọ́fíìsì òun, nítorí pé láti ìdájí ni òun ti tàn án, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti yọ, àwọn àmì kékeré funfun sì ń yí po lábẹ́ orúkọ náà bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn, ṣùgbọ́n yíyí náà kò dé ibì kankan. Inú ẹ̀rọ yìí ni èsì ìdánwò gbogbo ọmọ tí ó ti gba ilé-ìwé náà kọjá láti ọdún mọ́kànlá wà, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin alátùn-únṣe kan tí ó ti tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ń sọ fún màmá ọ̀gá àgbà náà pẹ̀lú ìtẹríba pé ọ̀rọ̀ náà kò le rárá, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ́máàtì rẹ̀, kí òun gbé Windows tuntun sí i, àti pé kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ̀rọ náà yóò ti máa sáré bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dáwọ́ dúró, kì í ṣe nítorí pé kò mọ iṣẹ́, nítorí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni, Computer Village ní Ìkẹjà ni ó sì ti kọ́ṣẹ́, bí kò ṣe nítorí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó bá fọ́máàtì díìsìkì ti gbá gbogbo ohun inú rẹ̀ dànù, èyí tí ó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ le, pẹ̀lú ohun tí olóhun fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Bí ẹ̀rọ náà bá sì tún ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí yóò lè sọ ohun tí ó ṣe é, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò mọ ìgbà tí yóò tún ṣe é. Mo wá bi í pé, “Ọmọ mi, níbo ni jíjí rẹ̀ dúró sí?” Ó wò mí lójú, ó ní, “Bàbá, ó kàn háńgì ni, sà.” Mo ní, “Mo gbọ́ pé ó háńgì. Níbo ni ó háńgì sí?” Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹni tí kò bá mọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń jí kò lè mọ ibi tí ọ̀nà ti dí mọ́ ọn. Ayárabíàṣá, aṣírò-má-fi-ìka-kà, arántí-ọ̀rọ̀-bí-ẹni-wí-lánàá, ohun kan wà lára rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí: bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà nínú ráàmù rẹ̀, èyí tí í ṣe àtẹ tí ó ń pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, a pa rẹ́ ráúráú, débi pé ní àràárọ̀ tí a bá tàn án, kò mọ Windows, kò mọ ẹni tí ó ni ín, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní díìsìkì nínú. Windows wà nínú díìsìkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò ni í ka díìsìkì, ètò yẹn pàápàá sì gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Bí ọ̀bẹ sì ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá sí i ni pé wọ́n kọ ètò kékeré kan sínú ègé ẹ̀rọ tí ohun inú rẹ̀ kì í pa rẹ́ bí iná bá lọ, wọ́n sì fi í sára mọ́dábọ́ọ̀dù, kí ó lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò máa lajú nínú ilé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà àdáni rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1981, BIOS ni wọ́n pe ètò yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń rà lónìí, UEFI ni ó rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ jíjí ilé náà sì ni ó ń ṣe.

Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, apínná inú ẹ̀rọ a kọ́kọ́ dúró títí iná yóò fi dúró déédéé, tí kò ní máa lọ sókè sódò mọ́, a sì fi àmì ránṣẹ́ sí mọ́dábọ́ọ̀dù pé ó ti tó. Ìgbà náà ni ọpọlọ ẹ̀rọ yóò ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti inú BIOS tàbí UEFI. Ètò yìí yóò wá máa lọ láti yàrá dé yàrá bí ìyáálé tí ń jí àwọn ará ilé: yóò kan ráàmù, yóò kan ojú ẹ̀rọ, yóò kan kíbọ́ọ̀dù, yóò kan díìsìkì, yóò sì máa retí kí olúkúlùkù dáhùn. Bí wọ́n bá ti dáhùn, yóò wá ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, ìpín àkọ́kọ́ lórí díìsìkì ni yóò kà, èyí tí kò ju báìtì 512 lọ, tí ó kéré débi pé ọ̀rọ̀ inú ìpínrọ̀ tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí kò lè gba inú rẹ̀; nínú ti òde òní, yóò wá fáìlì kan lórúkọ nínú yàrá kékeré tí a yà sọ́tọ̀ lórí díìsìkì. Ìránṣẹ́ kékeré yìí ni yóò jí èyí tí ó tóbi jù ú lọ, èyí yóò jí ọkàn Windows gan-an, ọkàn Windows yóò jí àwọn dúráfà tí ó gbọ́ èdè ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn yóò jí àwọn ètò abẹ́lẹ̀, títí ibi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yóò fi yọ sí wa. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá dáhùn, tí ẹni tí ń jí i kò sì mọ̀ ju kí ó máa dúró dè é lọ, gbogbo ilé yóò dúró sójú kan. Ohun tí à ń pè ní háńgì nìyẹn.

Nítorí náà, ibi tí jíjí dúró sí ni ó ń tọ́ka sí ẹni tí kò dáhùn. Bí fáànù bá ń yí, tí iná kékeré ara ẹ̀rọ tàn, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, Windows kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹjọ́ yẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ráàmù ni kí á kọ́kọ́ fura sí. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn a tilẹ̀ máa ké fúnra wọn, pí, pí, pí, nígbà tí wọn kò rí ojú tí wọn ìbá fi bá wa sọ̀rọ̀. Lára kọ̀ǹpútà IBM àkọ́kọ́ yẹn, igbe kúkúrú kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé àlàáfíà ni, ṣùgbọ́n iye igbe àti gígùn rẹ̀ yàtọ̀ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà kí á kà á, kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì wá ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà gan-an wá. Lẹ́yìn èyí, kí á yọ wáyà iná, kí á yọ bátìrì bí ó bá jẹ́ lápútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, kí á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 30 kí iná tí ó ṣẹ́ kù sínú lè rọ̀ dànù, kí á sì fara kan irin kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, pàápàá ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí aṣọ ara ẹni tilẹ̀ ń ta pàrà bí a bá ń bọ́ ọ, nítorí ìtapàrà kékeré yẹn tó láti pa ègé ráàmù. Nígbà náà ni kí á yọ ráàmù, kí á fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu etí rẹ̀ tí ó ń dán bí wúrà, kí á gbọn eruku rẹ̀ kúrò, kí á sì tì í padà títí yóò fi ké kẹ́ú. Bí ráàmù bá jẹ́ méjì, kí á fi ọ̀kan dán an wò, kí á yọ ọ́, kí á fi èkejì dán an wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ti ń wá owó tuntun fún ni ó ti jí dìde lórí eruku nínù nìkan.

Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ bá yọ, tí kò sì kúrò lójú, ìyáálé ti wọ ilé, ó ń kan ilẹ̀kùn ẹnì kan ni. Ẹni yẹn lè jẹ́ àlejò. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé láti ọwọ́ alátùn-únṣe kan dé ọwọ́ òmíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó jẹ́ pé fláàṣì kékeré tí ọmọ ilé kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó sì gbàgbé síbẹ̀, ni ẹ̀rọ náà ń wá Windows nínú rẹ̀: ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Kí á tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí á yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe ẹ̀yà ara ẹ̀rọ: fláàṣì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, díìsìkì ìta, wáyà fóònù, kí ó ku kíbọ́ọ̀dù àti ojú ẹ̀rọ nìkan. Bí ó bá jí, kí á dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á máa pa á, kí á máa tàn án, ọ̀daràn yóò fara hàn. Kí á sì tún wo aago rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 3.2, tí a fi ń pè é ní CR2032. Òun ni ó ń bá BIOS rántí àkókò àti ètò tí a yàn fún un nígbà tí kò sí iná. Bí agbára rẹ̀ bá tán, aago ẹ̀rọ yóò padà sí ọdún tí ó ti kọjá lọ tipẹ́, ẹ̀rọ náà sì lè gbàgbé díìsìkì tí ó yẹ kí ó gbẹ́kẹ̀ lé, yóò sì dúró sójú kan, kò ní mọ ibi tí yóò gbà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Àìmọ̀ ni í sọ ọ́ di ńlá.

Nígbà tí àwọn àmì kékeré bá ti ń yí po, a ti bọ́ sọ́wọ́ Windows, ibẹ̀ sì ni sùúrù ti ṣe pàtàkì jù lọ. Bí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ sójú pé òun ń ṣe àtúnṣe tí òun gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí iná díìsìkì rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ni ó ń ṣe, kò háńgì. Ẹni tí ó bá já iná mọ́ ọn lẹ́nu nígbà yẹn ni yóò sọ ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le di aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí wákàtí bá kọjá, tí iná náà kò ṣẹ́jú, tí kò sí ìró kankan, kí á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Bí Windows 10 tàbí 11 bá rí i pé òun gbìyànjú láti jí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra tí kò ṣeé ṣe, ní ìgbà kẹta yóò ṣí ilé ìwòsàn ara rẹ̀ fún wa. Ní ayé Windows 7 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, F8 ni a máa ń tẹ̀. Níbẹ̀ ni Safe Mode wà. Nínú Safe Mode, Windows yóò fi gbogbo dúráfà àti ètò tí kì í ṣe kòṣeémánìí sílẹ̀ lójú oorun, yóò sì jí pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tí kò lè ṣe aláìní. Bí ó bá jí lọ́nà yìí, a ti mọ̀ pé díìsìkì ń kà, ráàmù ń rántí, ọkàn Windows kò kú. Ẹnì kan nínú àwọn tí a fi sílẹ̀ lójú oorun ni aṣebi, bóyá dúráfà tuntun, bóyá ètò tí a fi sí i lánàá. Kí á yọ èyí tí ó dé kẹ́yìn, kí á sì tún tàn án.

Ohun kan tún wà níbí tí ó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní ọdún 2012, bí a bá tẹ Shut down, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ náà kì í kú tán: yóò kọ ohun tí ó wà lọ́kàn Windows sínú díìsìkì, kí ó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. Bí àṣìṣe bá wà nínú ohun tí ó kọ pamọ́ yẹn, òun náà ni yóò tún gbé dìde ní àárọ̀, a óò pa á, a óò tàn án, àìsàn kò ní lọ. Restart ni ó ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe ségesège, kí á tẹ Restart kí á tó sọ pé pípa àti títàn kò wò ó sàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lówó ra ẹ̀rọ tuntun ni mo ń sọ, kí ó rántí ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ní Amẹ́ríkà, tí ń ṣe ètò ààbò fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣọ́, àṣìṣe sì wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ètò ààbò yìí ń jí pẹ̀lú ọkàn Windows gan-an, gbogbo ẹ̀rọ tí ó ka fáìlì náà ṣubú. Wọ́n tún jí, wọ́n tún kà á, wọ́n tún ṣubú. Microsoft fojú díwọ̀n rẹ̀ pé àwọn ẹ̀rọ tí ó bá ọ̀ràn náà lọ tó mílíọ̀nù 8.5, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan padà sí ìwé àti bírò. Láàárín ìṣẹ́jú 78, ilé-iṣẹ́ náà ti fa fáìlì búburú yẹn padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó ti ṣubú kì í jí dé ibi tí wọn yóò ti rí íntánẹ́ẹ̀tì gba àtúnṣe. Kí wá ni wọ́n ṣe? Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣí Safe Mode, wọ́n ń wá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291, wọ́n ń pa á rẹ́, wọ́n sì ń tàn án padà. Fáìlì kan ṣoṣo! Níbi tí wọ́n sì ti fi BitLocker ti díìsìkì pa, ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà 48 tí ó ń ṣí i lọ́wọ́ kò lè wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo lápútọ́ọ̀pù ìgbàlódé, ẹ wá nọ́ńbà yìí lórí àkántì Microsoft yín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ìwé náà má sì ṣe wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ìbàdàn. Mo ti rí i pé àwọn àmì ń yí, nítorí náà ìyáálé ti kan gbogbo ilẹ̀kùn, ráàmù ti dáhùn, a ti dé ọ̀dọ̀ Windows. Mo ní kí wọ́n pa fáànù òkè, mo sì fi etí lé ara ẹ̀rọ. Ìró kan ń ti inú rẹ̀ wá: tàkì, ìdákẹ́, tàkì, ìdákẹ́. Díìsìkì àtijọ́ ni, irú èyí tí ó ní àwo tí ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí í ṣe ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí orí tí ó ń kà á sì ń fò lókè àwo náà ní gíga tí nínípọn irun orí ènìyàn fi ju ẹgbẹ̀rún ìlọ́po rẹ̀ lọ. Nígbà tí apá kan lára àwo bá ti kú, orí náà kì í tètè gbà pé ó kú. Yóò kà á, kò ní rí i kà, yóò padà, yóò tún kà á, lọ́pọ̀ ìgbà, Windows yóò sì dúró dè é. Ìdí nìyí tí díìsìkì tí ó ń kú fi máa ń háńgì kí ó tó sọ pé òun ṣàìsàn. Ó sì ṣeé ṣe kí iná tí ń lọ lójijì wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di aláìsàn: ìwé tí ọ̀gá àgbà náà fi ń ṣe àkọsílẹ̀ iná tí ó lọ láìròtẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ kún fún ọjọ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Kò sì sí UPS tí yóò gbé e dúró kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Bàbá, ṣé kí n fi chkdsk tún un ṣe?” Mo ní kí ó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Chkdsk, ètò Windows tí ń yẹ díìsìkì wò, dára fún díìsìkì tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ dàrú ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ le. Díìsìkì tí ara rẹ̀ ń bàjẹ́ kò gbọdọ̀ rí iṣẹ́ àṣekára kí a tó kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, nítorí pé chkdsk lè mú un ka gbogbo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìyẹn ni yóò pa á. Bí ó bá jẹ́ pé fọ́máàtì ni a ṣe ní òwúrọ̀ yẹn, orí àwo tí ń kú la ìbá gbé Windows tuntun lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó tú díìsìkì náà jáde, ó fi wáyà so ó mọ́ lápútọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó kọ́kọ́ mú àpò èsì ìdánwò kí ó tó mú ohun mìíràn, ó sì jókòó tì í títí alẹ́ fi lẹ́.

Mo bẹ ẹ̀yin alátùn-únṣe, ẹ má ṣe fá orí lẹ́yìn olórí: ẹ bi ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ní ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ dà á kọ, ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ lé e lọ́wọ́ kí ẹ tó fọ́máàtì. Ẹ̀yin tí ẹ sì gbé ẹ̀rọ fún wọn, ẹ sọ ibi tí jíjí rẹ̀ dúró sí, ohun tí ẹ rí lójú rẹ̀, ohun tí ẹ gbọ́, àti ohun tí ẹ ṣe ní ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, díìsìkì yẹn dákẹ́, kò sì dún mọ́. Wọ́n ti fi tuntun sínú kọ̀ǹpútà náà. Èsì ọdún mọ́kànlá wà lórí rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ kan sì wà nílé màmá náà, nínú àpótí tí ó ń ti pa.